Asẹ́ olóòrùn: bí a ṣe ń ṣe é, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ó pa antibáyọ́tíìkì inú omi lóòótọ́

Ẹni tó bá gbé ciprofloxacin, antibáyọ́tíìkì kan, mì láàárọ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún sí ìdajì oògùn náà ni yóò bá ìtọ̀ jáde bó ṣe wà, láìyí padà. Ó di inú ṣọ́kàwéè, ó di gọ́tà, ó di odò. Ibẹ̀ làwọn bakitéríà ti ń bá a pàdé díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí kò tó láti pa wọ́n, àmọ́ tó tó láti kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa sá fún un. Ìṣirò àgbáyé kan tó jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé lọ́dún 2019 nìkan, mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ló kú nítorí bakitéríà tí oògùn ò ràn mọ́. Ẹkùn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni ìwọ̀n ikú náà ti ga jù: 27.3 nínú 100,000 èèyàn.

Kì í ṣe ìtọ̀ aláìsàn nìkan ló ń gbé e dénú omi. Ní Patancheru, lẹ́bàá ìlú Hyderabad ní Íńdíà, àwọn onímọ̀ láti Sweden yẹ omi tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ oògùn wò. Àbájáde wọn jáde lọ́dún 2007: ciprofloxacin inú lítà omi kan tó 31 mg. Ìyẹn ju èyí tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lo oògùn náà lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì, òṣìṣẹ́ láàbù àti ẹnjiníà omi tó fẹ́ ṣe asẹ́ kékeré kan tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ ni mo kọ èyí fún. Omi tó ń jáde láti ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ oògùn tàbí ibi ọ̀sìn ẹja ló wà fún, lẹ́yìn tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá ti tòrò. Kì í ṣe ohun tí a ó gbé sí ìdáná ká máa bu omi mu nínú rẹ̀. Jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín kí ẹ tó ka ìyókù.

Ohun tí oòrùn ń ṣe fún ìyẹ̀fun funfun

Asẹ́ ni mo ń pè é, ṣùgbọ́n kì í dí nǹkan lọ́nà bí ajọ̀ gàrí. Omi ń gba ara ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kọjá, wọ́n ti fi TiO2, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pè ní titanium dioxide, kun ìlẹ̀kẹ̀ náà, oòrùn sì ń ràn án. TiO2 yìí ni kátálíìsì wa, ìyẹn ohun tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yára tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á fò kúrò níbi tó jókòó sí, àyè rẹ̀ á ṣófo. Àyè òfìfo yẹn á já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lára omi, omi á di OH tí kò lẹ́nìkejì. OH yìí ni oníjà inú ọ̀rọ̀ náà: ohunkóhun tó bá pàdé ló ń fà ya. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fò lọ náà á wá ọ́síjìn inú omi lọ. Bí kò bá rí ọ́síjìn, yóò padà sí àyè rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ gbà á sì di ooru lásán. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà ní gbogbo ìgbà. Àwọn ará Japan méjì, Akira Fujishima àti Kenichi Honda, ló la ọ̀nà yìí lọ́dún 1972, nígbà tí wọ́n fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ lórí TiO2 lè ya omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ mú lọ láti ibí yìí. Èkíní, OH kì í ṣa ẹni tí yóò bá jà. Bí ìdọ̀tí mìíràn bá pọ̀ nínú omi ju oògùn lọ, ìdọ̀tí yẹn ni yóò máa bá jà. Èkejì, kì í ṣe gbogbo ìmọ́lẹ̀ ló lè ṣiṣẹ́ náà. TiO2 oríṣi anatase ń fẹ́ agbára 3.2 eV. eV ni òṣùwọ̀n agbára, nm ni ti gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, 1240 sì ni nọ́mbà tó ń sọ ọ̀kan di èkejì: ẹ fi 3.2 pín 1240, ẹ ó rí nǹkan bí 388 nm. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ bá gùn ju ìyẹn lọ, kò lè ta á jí. Nínú gbogbo agbára oòrùn tó ń bọ́ sílẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú ogún péré ni UV, ìtànṣán tí ojú kì í rí, tó wúlò fún wa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìyẹ̀fun

Ẹ wá TiO2 anatase, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní P25. P25 ni àwọn onímọ̀ káàkiri fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ anatase, ìyókù jẹ́ rutile, oríṣi TiO2 mìíràn. Hóró rẹ̀ kéré tó 21 nm, bí a bá sì tẹ́ ojú gbogbo hóró inú gíráàmù kan sílẹ̀, á tó nǹkan bí 50 m².

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán iṣẹ́ yìí wò, ọjà kẹ́míkà ni mo ti ra tèmi, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà fún àwọn tó ń po ọ̀dà. Ìyẹ̀fun náà funfun báláú, ó kúnná, owó rẹ̀ ò sì gara. Mo kun ìlẹ̀kẹ̀, mo sá a sóòrùn fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, àwọ̀ búlúù aró tí mo fi dán omi wò ò sì kúrò níbi tó wà. Ẹni tó tà á fún mi ò purọ́: TiO2 ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n rutile ló pọ̀ jù nínú TiO2 tí wọ́n ń fi po ọ̀dà, wọ́n sì máa ń fi sílíkà àti àlúmínà bo hóró rẹ̀, kí oòrùn má baà ta á jí. Bí ó bá jí lára ògiri, ọ̀dà fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ, ògiri á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹfun. Ohun tí oníọ̀dà ń sá fún gan-an ni àwa ń wá.

Kí ẹ tó náwó púpọ̀, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ po methylene blue, aró láàbù kan, díẹ̀ sínú omi títí yóò fi búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi aró tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ dà á sínú ife gíláàsì méjì, kí ẹ fi ìyẹ̀fun ṣíún sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pò ó. Ẹ sá ọ̀kan sóòrùn ọ̀sán, ẹ fi fóìlì bo èkejì pátá. Bí ti oòrùn bá ti ń ṣí láàárín wákàtí kan tí ti abẹ́ fóìlì ò ṣí, ẹ ti rí ìyẹ̀fun rà.

Ẹ wọ ìbòmú N95 bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, ti fi eruku TiO2 tí a fà símú sí ẹgbẹ́ 2B, ìyẹn àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Tó bá ti bọ́ sínú omi, eruku rẹ̀ ò gbéra mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kátálíìsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán ń rí lè sun yúríà nínú ìkòkò amọ̀ láàbù tó ní ìdérí, ní 550°C, fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ìyẹ̀fun tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èlùbọ́ àgbàdo ni yóò kù sílẹ̀. g-C3N4 ni wọ́n ń pè é, agbára 2.7 eV ló ń fẹ́, nítorí náà ó ń gba ìmọ́lẹ̀ títí dé nǹkan bí 459 nm. Àmóníà tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbani lójú, ẹ má ṣe é níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde. TiO2 ni mo ṣì ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó lò, torí ó rọrùn láti mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé.

Ìgbésẹ̀ kejì: gíláàsì

Ọ̀pá tí omi yóò gbà kọjá gbọ́dọ̀ jẹ́ kí UV wọlé. Gíláàsì borosilicate, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bíkà láàbù, ń jẹ́ kí ìtànṣán láti nǹkan bí 300 nm lọ sókè wọlé. Ike polycarbonate máa ń dí UV pa, bó ti wù kó mọ́ gaara tó lójú yín. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ tó kọ̀ jálẹ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀pá.

Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó tó 3 sí 5 mm ló dáa. Bí ẹ bá lè rí ti borosilicate, ẹ lò ó. Gíláàsì ìgò lásán ní sódíọ̀mù nínú, tó bá gbóná nínú iléru, sódíọ̀mù á rọra wọ inú TiO2, yóò sì dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ há ara ìlẹ̀kẹ̀ náà kí kíkùn lè dì í mú: ẹ dà á sínú ìgò tó nípọn pẹ̀lú iyanrìn carborundum àti omi díẹ̀, kí ẹ máa yí i títí dídán ara rẹ̀ yóò fi kúrò. Àwọn kan ń lo ásíìdì hydrofluoric fún èyí. Ẹ má ṣe sún mọ́ ọn. Ó ń wọ ara dé egungun, iyanrìn sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kíkùn

Ibi tí iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyí, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ṣàn án nínú omi dísítíìlì, ẹ gbẹ ẹ, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀. Ẹ po 5 g ìyẹ̀fun sínú 100 ml omi àti ẹ́tánọ́ọ̀lù tí ẹ pò mọ́ra lọ́gbọọgba. Ẹ kán ásíìdì nitric tí ẹ ti là sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí pH, ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, yóò fi tó 3. Ìdí ni pé ní pH tó lọ sílẹ̀ báyẹn, ara gbogbo hóró TiO2 ní àmì kan náà, wọ́n ń ti ara wọn, wọn ò ní dì bí ògì tó ti sùn. Ẹ gbé e sínú ultrasonic, ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọn nǹkan, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá ti dà bíi wàrà, tí nǹkan kan ò sì yára rọ̀ sísàlẹ̀, ó ti ṣe tán.

Ẹ da ìlẹ̀kẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi ajọ̀ gbé e jáde, ẹ tẹ́ ẹ kí ẹ́tánọ́ọ̀lù kọ́kọ́ fò lọ níta, torí ó ń gbiná. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ ẹ ní 105°C. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún. Kíkùn fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà ló ń pẹ́. Èyí tí ẹ bá kùn nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, yóò sì ṣí.

Ẹ wá gbé e sínú iléru. Kí ooru rẹ̀ máa lọ sókè ní nǹkan bí 5°C ní ìṣẹ́jú kan títí dé 450°C, kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì, kí ó sì tutù fúnra rẹ̀ láì ṣílẹ̀kùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dé 600°C, torí láti ibẹ̀ lọ anatase ń di rutile.

Tó bá tutù, ẹ gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn. Omi àkọ́kọ́ yóò funfun díẹ̀. Ẹ máa ṣàn án títí omi yóò fi mọ́ pátápátá, kí ẹ gbẹ ẹ, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Ohun tó fi lé ni kátálíìsì yín. Ẹ dà á sínú ultrasonic fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ohun tó já bọ́ bá ju díẹ̀ lọ, ẹ padà lọ há ìlẹ̀kẹ̀ yín dáadáa. Ìyẹ̀fun tó ń ṣí sínú omi léwu ní ọ̀nà méjì: ó ń ba omi jẹ́, ó sì ń tan yín jẹ, torí hóró tó ń léfòó ń ṣiṣẹ́ ju èyí tó lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Ẹ ó rò pé asẹ́ yín dára, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ló ń yọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: títò ó jọ

Ẹ gbé ọ̀pá kan tó gùn ní mítà kan, tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 26 mm. Ẹ da ìlẹ̀kẹ̀ kún un, kí ẹ fi àwọ̀n irin tí kì í dípata dí i lókè àti nísàlẹ̀. Ọ̀pá tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ràn wá lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ ò ní dé àárín gbùngbùn rẹ̀.

Ẹ tẹ́ páànù aluminium tó ń dán sẹ́yìn ọ̀pá náà, kí ẹ ká a kó fara jọ ẹ̀yìn ọ̀pá, kí ìtànṣán tó kọjá lè padà bà á. Dígí ojú ilé kò dára tó fún èyí, torí gíláàsì tó bò ó ń jẹ lára UV. Ní Plataforma Solar de Almería, ní Tabernas ní gúúsù Spain, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n dá ọ̀pá wọn dùbúlẹ̀ ní ìtẹ̀sí 37°, bí ibùdó wọn ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó. Ìlú wa wà láàárín 6° sí 9°, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lágbedeméjì orí wa. Nítorí náà, ìtẹ̀sí bíi 10° ti tó. Ìyẹn náà á jẹ́ kí òjò ṣàn kúrò lára rẹ̀.

Pọ́ọ̀ǹpù kékeré tí wọ́n ń lò fún ẹja inú gíláàsì ni yóò máa ti omi láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì wọ ìsàlẹ̀ ọ̀pá, tí yóò sì máa jáde lókè padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìsàlẹ̀ ni kó ti máa wọlé, kí atẹ́gùn má baà há sáàárín ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fi pọ́ọ̀ǹpù atẹ́gùn kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ sì bo bọ́kẹ́ẹ̀tì kí oòrùn má wọ ibẹ̀.

Ìṣirò kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Inú ọ̀pá wa gba nǹkan bí 530 ml bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ti gba àyè púpọ̀, ó ku nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún fún omi, ìyẹn nǹkan bí 210 ml. Bí lítà méjì omi bá ń yí po, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni oòrùn ń rí lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí kan tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan fi rí oòrùn. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí á máa sọ pé asẹ́ òun lọ́ra, asẹ́ náà ò sì jẹ̀bi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn ẹlẹ́rìí

Ọ̀pá kan ṣoṣo kò lè sọ òótọ́ fún yín. Ọ̀pá mẹ́ta ni kí ẹ tò síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n jọ sá oòrùn kan náà. Èkíní ní ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ kùn, oòrùn sì ń ràn án. Èkejì ní ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ kùn, ṣùgbọ́n ẹ fi fóìlì wé e. Ẹ̀kẹta ní ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ ò kùn, oòrùn sì ń ràn án.

Ọ̀pá oní-fóìlì yóò sọ iye oògùn tó kàn lẹ̀ mọ́ ara ìlẹ̀kẹ̀, tí kò kú. Ọ̀pá tí ẹ ò kùn yóò sọ iye tí oòrùn fúnra rẹ̀ pa. Ciprofloxacin àti tetracycline máa ń fọ́ lábẹ́ oòrùn láìsí kátálíìsì kankan. Mo ti ka iṣẹ́ tó fi bí kátálíìsì ṣe pa oògùn yangàn, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ọ̀pá kẹta síbẹ̀, oòrùn ni ìyìn yẹn ì bá lọ bá. Ohun tí ẹ lè pè ní iṣẹ́ asẹ́ yín ni èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá ti jẹ́rìí.

Tí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn UV, títò tí ẹ tò wọ́n pọ̀ yìí náà ni yóò gbà yín. Oòrùn ọyẹ́ kì í ṣe ti oṣù kẹta, kùrukùru oṣù keje sì tún yàtọ̀. Bí ẹ bá ní in, àwọn ará Almería ní ọgbọ́n kan: wọ́n ń yí àkókò gbogbo padà sí bí ẹni pé UV dúró sójú kan ní 30 W/m². Bí ìyẹn bá wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ lè fi iṣẹ́ ọjọ́ kùrukùru wé ti ọjọ́ tí oòrùn mú.

Methylene blue dára fún ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀, 5 mg nínú lítà kan, kí ẹ máa wò ó ní 664 nm lórí ẹ̀rọ UV-Vis, èyí tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí omi gbé mì. Ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Nígbà tí ọ́síjìn ò bá tó, ó lè pa àwọ̀ rẹ̀ dà láìfọ́. Ẹ gbọn omi tó ti funfun náà pẹ̀lú atẹ́gùn: bí búlúù bá padà wá, kò kú. Yàtọ̀ sí èyí, aró náà fúnra rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀, ó sì lè ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú kátálíìsì. Nítorí náà, ẹni tó bá fi aró nìkan sọ pé kátálíìsì òun ń fi ìmọ́lẹ̀ ojú lásán pa oògùn kò tíì fi ìdí nǹkan kan múlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oògùn gan-an

Ciprofloxacin tí kò ní àdàlù láti ilé ìtàkẹ́míkà ló dára jù. Níbi tí kò bá ti sí, omi abẹ́rẹ́ ciprofloxacin tí wọ́n ń fà sára aláìsàn, èyí tó ní 200 mg nínú 100 ml, ṣeé lò: 5 ml rẹ̀ nínú lítà omi kan ń fún yín ní 10 mg nínú lítà. Ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa. Ẹ yan èyí tí wọ́n fi omi oníyọ̀ po, ẹ yàgò fún ti dextrose. Ṣúgà tí 5 ml ti dextrose ń gbé wọ inú lítà omi náà lè tó 250 mg, ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oògùn, OH yín á sì máa bá ṣúgà jà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìlà ìdíwọ̀n: 1, 2, 4, 6, 8 àti 10 mg nínú lítà, kí ẹ kà wọ́n lórí ẹ̀rọ UV-Vis ní nǹkan bí 276 nm. Fún tetracycline, ẹ wò ó ní nǹkan bí 357 nm. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí omi máa yí nínú òkùnkùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, títí iye oògùn ò fi ní yí padà mọ́. Ìwọ̀n tó bá dúró lé ni ìbẹ̀rẹ̀ yín, kì í ṣe 10 tí ẹ dà sí i. Ẹ wá ṣí fóìlì kúrò lára ọ̀pá èkíní àti ẹ̀kẹta, kí ẹ máa fa 5 ml jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ gba ẹnu síríǹjì tó ní asẹ́ 0.22 µm yọ ọ́, kí ẹ sì fi sínú ìgò dúdú.

Ẹ wá ln (bọ́tìnnì lọ́gárídímù lórí ẹ̀rọ ìṣirò) ti ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ fi ìwọ̀n ìsinsìnyí pín, kí ẹ tò ó sórí bébà pẹ̀lú àkókò. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ bí òpó. Bó ṣe dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tó ni k, ìyára asẹ́ yín. Ká ní oògùn di ìdajì ní ogún ìṣẹ́jú oòrùn gidi: 0.693 tí ẹ fi 20 pín jẹ́ nǹkan bí 0.035 ní ìṣẹ́jú kan. Kí ó tó ku ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, yóò gbà tó ìṣẹ́jú 133. Nínú ẹ̀rọ wa tí omi ń rí oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà ní wákàtí kan, ìyẹn ju wákàtí ogún lọ! Ibí ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ọ̀pá méjì sí i ló yẹ kí ẹ fi kún un tàbí kí ẹ dín omi kù.

Ìgbésẹ̀ keje: ṣé ó kú?

Ká ní ẹ̀rọ UV-Vis ti sọ pé ìlà 276 nm ti lọ. Ohun tó sọ fún yín ni pé ibi kan lára oògùn ti yí padà. Àjákù rẹ̀ lè ṣì lágbára láti pa bakitéríà, ó sì lè ṣì máa kọ́ wọn. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo ka sí pàtàkì jù lọ, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò.

Ẹ lọ bá láàbù máíkíróbáyọ́lọ́jì tó sún mọ́ yín, kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún bakitéríà kan tó ń jẹ́ E. coli ATCC 25922. Wọ́n mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àgà Mueller-Hinton, oúnjẹ bakitéríà tó dì sínú àwo, wọ́n á gbẹ́ ihò 6 mm sí i, ẹ ó fi 100 µl omi àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ amóoru ní 35°C sí 37°C di ọjọ́ kejì.

Ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó ṣí àwo náà. Yíká ihò àkọ́kọ́, ti omi tí ẹ fà kí oòrùn tó ràn, ẹ ó rí òbírí fífẹ̀ kan tí nǹkan kan ò hù níbẹ̀, ó mọ́ bíi àyíká àgbàlá tí wọ́n gbá láàárọ̀. Ti ìṣẹ́jú ọgbọ̀n á kéré sí i. Bó bá yá, bakitéríà á hù títí dé ẹnu ihò. Ẹ fi rúlà wọn òbírí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé oògùn ti tán tí òbírí sì ṣì wà, òbírí ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bí ẹ bá ti fi hydrogen peroxide kún omi láti mú iṣẹ́ yára, ẹ kọ́kọ́ fi catalase, ẹnsáìmù tó ń fọ́ peroxide, pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ peroxide ni yóò pa bakitéríà yín, ẹ ó sì rò pé oògùn ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí. E. coli yìí kò ní hù nínú omi oúnjẹ bakitéríà tó bá ní ciprofloxacin 4 sí 16 µg nínú lítà kan, nítorí náà ojú rẹ̀ mú gan-an. Síbẹ̀, lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ méjì, Johan Bengtsson-Palme àti Joakim Larsson, dábàá pé 0.064 µg nínú lítà ni ìwọ̀n tí ciprofloxacin ò gbọdọ̀ kọjá nínú omi odò kí ó má baà máa ṣa àwọn bakitéríà tó lágbára yọ. Ìyẹn kéré sí ohun tí E. coli lè rí ní ìlọ́po tó ju ọgọ́ta lọ. Àyẹ̀wò àwo yìí lè já irọ́ asẹ́ yín. Láti fọwọ́ sí i pé omi náà yẹ fún odò, ẹ̀rọ LC-MS, tó ń ya ohun inú omi sọ́tọ̀ tó sì ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: omi gidi

Omi dísítíìlì máa ń ṣojúure. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú omi kànga, lẹ́yìn náà pẹ̀lú omi tó ń jáde ní ilé ìwòsàn tí wọ́n bá gbà yín láyè. k yóò já wálẹ̀, ó sì lè já púpọ̀. Bicarbonate inú omi kànga ń mu OH, àwọ̀ ewé jíjẹrà ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, phosphate inú ọṣẹ ń lẹ̀ mọ́ ibi tí oògùn ì bá lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí omi kọ́kọ́ tòrò, kí ó sì gba inú iyanrìn kọjá kó tó débí. Omi tí ẹ ò bá lè rí ìka yín ní ìsàlẹ̀ bíkà rẹ̀, ẹ má dà á sínú ọ̀pá.

Swítsálándì ti fi dandan lé e láti 2016 pé kí àwọn ilé ìtọ́jú omi kan máa yọ irú àwọn ohun tín-tìn-tín yìí kúrò, ozone àti èédú ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Mi ò bá wọn jà. Ozone ń fẹ́ iná tí kì í lọ, èédú sì ń gbé oògùn mì láìpa á, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá sun èédú yẹn. Níbi tí iná ò ti dúró, tí oòrùn sì pọ̀, asẹ́ yìí lè jẹ́ ìgbésẹ̀ ìkẹyìn lẹ́yìn iyanrìn, fún omi tí kò pọ̀: omi wọ́ọ̀dù kan, omi ibi ìwẹ̀ ìgò ní ilé oògùn.

Ìtọ́jú

Ìlẹ̀kẹ̀ funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, yóò sì máa yọ̀. Ẹ wo k lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú omi kan náà. Bó bá ti sọ ìdá kan nínú mẹ́ta nù, ẹ da omi mímọ́ tó ní peroxide díẹ̀ sínú rẹ̀, kó máa yí lábẹ́ oòrùn odidi ọjọ́ kan. Bí kò bá jí, ẹ dà á jáde, kí ẹ sun ún ní 400°C fún wákàtí kan. Ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo tí ẹ bá dà á jáde. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, àkókò àtikùn tuntun ti dé.

Omi ìlà ìdíwọ̀n tó kù nínú bíkà, àṣẹ́kù inú síríǹjì, èyí tí ẹ fi ṣan ìgò: ẹ má da ọ̀kankan nínú wọn sí síńkì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí ó máa gba inú ọ̀pá kọjá títí E. coli yóò fi hù dé ẹnu ihò.